Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi sí Ọmọ Ọmọ Mi Lẹ́nu

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá rẹ̀, àkọ́bí mi, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Sàngó. Tó bá ti jáde láàárọ̀, èmi àti ọmọ náà ló kù nílé wa ní Ìjókó.

Ọmọ náà kì í wo èèyàn lójú. Tí ariwo bá pọ̀, á dí etí, á máa mì síwá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, á sọ ọ́ padà gẹ́lẹ́, ohùn onítọ̀hún náà ni yóò sì fi sọ ọ́. Dókítà ní ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é. Èmi ò kàwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá jókòó ti igbá ẹ̀gúsí, kò sẹ́ni tó lè bó o bíi tirẹ̀. Kì í fọ́ ẹyọ kan.

Síbẹ̀, mo máa ń fi í pamọ́. Kì í kúnlẹ̀ kí àgbà, bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, ọmọ tí kò bá kí èèyàn, ẹni tó tọ́ ọ ni wọ́n ń bú.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ní àsàlátù, Ìyá Àdínì wa dìde, ó ní ẹgbẹ́ ti gba yàrá kan ní ilé kéwú. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹni méjì méjì nínú wa yóò máa jókòó ti àwọn ọmọ tó rí bíi ọmọ ọmọ mi yìí, kí wọ́n lè rí ẹgbẹ́, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

"Ta ló ní irú wọn nílé? Ẹ nawọ́."

Ẹni mẹ́ta nawọ́. Ọwọ́ tèmi wà lábẹ́ híjáàbù, mo ń fi ka tẹ̀sùbáà bí ẹni tí kò gbọ́. Aládùúgbò mi tó jókòó tì mí wò mí títí. Mo gbójú sórí ẹní.

Nígbà tó di Túsìdeè, aládùúgbò mi yẹn àti Ìyá Àdínì ṣe sàlámà lẹ́nu ọ̀nà wa. N ò ráyè ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà wà ní fàráńdà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n kí i, kò gbójú sókè.

Ẹnu mi yá jù mí lọ. "Ẹ má bínú sí i jàre. Kì í ṣe ọmọ wa. Ó kàn ń bá wa gbé ni."

Iwájú aládùúgbò mi, ẹni tó bá mi gbé omi ìwẹ̀ ọmọ náà kaná lọ́jọ́ ìkómọ ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Aládùúgbò mi pòṣé. "Alhaja, imú yín mà rèé lójú ọmọ yẹn. Ẹ sẹ́ ọmọ, ṣé ẹ lè sẹ́ imú?"

Kí n tó fèsì, ọmọ náà sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà nínú igbá: "Ẹ má bínú sí i jàre. Kì í ṣe ọmọ wa. Ó kàn ń bá wa gbé ni."

Ohùn mi ni. Bí mo ṣe fa "jàre" yẹn gan-an ló ṣe fà á. Mo fi ìborùn bo ẹnu, bí ẹni pé ẹnu náà ló kàn láti fi pamọ́.

Ìyá Àdínì kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Tirẹ̀ ń fọ́. Ọmọ náà ń ṣa èyí tó fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Olùkọ́ lèyí o," Ìyá Àdínì rẹ́rìn-ín. "Ẹ mú un wá ní Mọ́ńdè, kó wá kọ́ wa."

Mo mú un lọ. Ẹni tó ń kọ orúkọ bi í pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Kì í ṣe ọmọ wa," ó fi ohùn mi dáhùn.

Gbogbo yàrá yíjú sí mi. "Ọmọ ọmọ mi ni," mo wí.

Ó ti di oṣù mẹ́ta. Ó ti ń kọ́ ọmọ méjì ní ẹ̀gúsí bíbó. Láràárọ̀, tí mo bá ń di irun rẹ̀, mo máa ń sọ ọ́ sí i létí: "Ọmọ wa ni ẹ́. Ọmọ wa ni." Kò tíì sọ ọ́ padà. Èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló dì mú.

Lánàá, obìnrin tó ń ta omi bi í lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ ilé yìí ni àbí àlejò. Láti inú ilé ni mo ti gbọ́ èsì rẹ̀: "Kì í ṣe ọmọ wa." Mo fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo jáde lọ sọ fún obìnrin náà pé ọmọ wa ni.