Ẹsẹ̀ Kan Péré

Àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ń ya fọ́tò bọ́ọ̀lù fún ìwé ìròyìn, kì í kúrò níbi tó bá ti rí ìran dáadáa.

Ní Sátidé kan, ní pápá kan ní Yaba, alábòójútó pápá lé e kúrò létí ìlà, pé kó lọ sókè níbi táwọn òǹwòran jókòó sí. Ó ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé kámẹ́rà lé lè gbé agbábọ́ọ̀lù ṣubú. Irú irin yẹn náà làwọn ọkùnrin ayàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń lò, kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Àǹtí ò bá a jà. Ó ní kí káfíńtà kan ní Àgùdà gé igi tó ga dé àyà òun, kó fi ìdè onírin sí i lórí tí yóò di kámẹ́rà mú. Ní Sátidé kejì, ojú ibẹ̀ náà ló dúró sí.

"Màdáàmù, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ máa lọ sókè?"

"Ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ bá wí, ọ̀gá. Ẹyọ kan nìyí."

Wọ́n gbá góòlù wọlé níwájú rẹ̀, ó yí igi náà, ó yà á. Nígbà tí alábòójútó náà tún padà wá, Àǹtí ò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Fíìmù tuntun ló ń ki bọnú kámẹ́rà.