Ìgò Tí Mo So Òwú Dúdú Mọ́

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má tún un ṣe.

Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá bàbá rẹ, àdúgbò Ali Kazaure la sì ń gbé ní Jos nígbà tí kókó burúkú inú ọpọlọ mú wọn. Oṣù mẹ́rin péré ló fi bá wọn jà. Lẹ́yìn tí dókítà là wọ́n lórí, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tọ́jú díẹ̀ nínú kókó náà, òun fẹ́ mọ ohun tó yí padà nínú rẹ̀ tó fi ń yára dàgbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀ka. Nígbà tí wọ́n kú, mi ò sọ fún àwọn ará ilé ọkọ mi ní Iléṣà. Odindi èèyàn ni wọ́n rò pé àwọn sin.

Dókítà yìí náà ló gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí n máa fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Mi ò mọ̀wé, ìgò tí wọ́n tọ́jú irú kókó bẹ́ẹ̀ sí sì pọ̀ lórí pẹpẹ. Mo ní kó fi ti ọkọ mi hàn mí, mo so òwú dúdú mọ́ ọn lọ́rùn. Láràárọ̀, kí n tó mú kànrìnkàn, màá kúnlẹ̀ kí wọn.

"Haba, Mama!" Dókítà ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan. "Ta lẹ ń kí?"

"Ọkọ mi ni. Ẹ̀yin náà ò kí wọn rí, látìgbà tẹ́ ẹ ti ń wò wọ́n."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, bàbá rẹ, Hausa ló fi ń ráhùn: "Mama, kaina yana ciwo." Orí ń fọ́ ọ nìyẹn. Bó bá ti sọ ọ́, ara mi ò ní lélẹ̀ mọ́. Màá ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀, torí wíwọ́ ẹsẹ̀ òsì ni àìsàn bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"Dókítà, ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi?"

"Ẹ ní sùúrù. Mo ti fi díẹ̀ nínú kókó náà, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà lára wọn, ránṣẹ́ sí ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ lókè òkun."

Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í: "Lẹ́tà ń kọ́?" Ó di pé bó bá gbọ́ ìró bàtà mi, á gba ẹ̀yìn jáde.

Ọyẹ́ ti wọlé kí lẹ́tà tó dé. Ó fi mí jókòó. Ó ní ohun tí ń darí bí ara ṣe ń dàgbà ti bàjẹ́ nínú kókó náà, ibì kan já, ibì kan di méjì. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ wà létò.

"Inú kókó ló ti bàjẹ́, Mama. Wọn ò bí i mọ́ wọn, kì í sì í ṣe ogún fọ́mọ."

"Ẹ lè búra?"

"Ohun tí a rí nìyẹn. Èyí tí a ò tíì rí, mi ò lè búra lé e."

Mo délé lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ tún di orí mú. Mo fún un lóògùn, mo ní kó lọ sùn. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Mama, mi ò ní rìn lọ rìn bọ̀ lónìí?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n bó ṣe kọ̀yìn sí mi tó ń lọ sí yàrá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni mò ń wò.