Ohùn Tó Pè Mí ní Èbúté Ẹ̀pẹ́

Mo rántí òórùn epo pupa àti ẹja yíyan tó gba èbúté Ẹ̀pẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń dúró de afẹ́fẹ́. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń kọ́ nílùú náà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí mi láti erékùṣù wa pé àìsàn ìyá mi ti le, kí n tètè máa bọ̀ bí mo bá fẹ́ bá a láyé. Àmọ́ ọkọ̀ ìgbòkun kì í rìn láìsí afẹ́fẹ́. Láti àná ni ọkọ̀ bí ogún ti so mọ́lẹ̀, àwọn èrò sì jókòó lórí ẹrù wọn. Kùrukùru ọyẹ́ bo ọ̀sà débi pé a kò rí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ikọ́ àwọn èrò inú rẹ̀ nìkan là ń gbọ́.

Baba atukọ̀ wa ti kìlọ̀ fún wa: “Ẹ má pe orúkọ ẹnikẹ́ni lórí omi o. Bí wọ́n bá sì pè yín, tí ẹ kò rí ojú ẹni tó pè yín, ẹ má dáhùn.” Ìdí nìyẹn tí àwọn èrò fi ń pe ara wọn ní “ẹlẹ́ja” àti “onígaàrí”. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo wọ bàtà, mo rò pé ọgbọ́n ayé ti tán sí mi lórí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ẹnì kan pè mí láti inú kùrukùru náà. Oríkì tí ìyá mi nìkan fi ń pè mí ni. Ohùn rẹ̀ ni, ó fa ìparí rẹ̀ gùn bó ti máa ń ṣe bó bá ń pè mí wá jẹun.

“Ẹ̀ẹ́n, ìyá mi, mò ń bọ̀ o!”

Ikọ́ dákẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja tó jókòó tì mí rọra sún kúrò. “Ta lò ń dá lóhùn?” Mo ní ìyá mi ló pè mí. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Baba atukọ̀ kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó mú mi sọ̀ kalẹ̀. “Ọmọ mi, a kì í kọ́kọ́ gbé ẹni tó ti dáhùn, kí ohun tó pè é má bàa tẹ̀ lé àwọn yòókù. Ọkọ̀ tó bá kẹ́yìn ni wàá wọ̀.”

Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ìyá mi ń kú lọ!” Ibi tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni afẹ́fẹ́ dé. Ìgbòkun wú, ọkọ̀ sì ń wọ inú kùrukùru lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wò mí. Ọ̀sán ti pọ́n kí èyí tó kẹ́yìn tó gbé mi. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ṣépè fún baba yẹn.

N kò bá ìyá mi. Wọ́n ti sin ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pàdé mi létí omi.

“Àárọ̀ ni,” ó ní. “Láti àná ló ti ń pè ọ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni, ó tún pè ọ́, ló bá rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ó ti dáhùn. Ó ní òun ń bọ̀.’ Ó kọjú sí ògiri, ó sùn lọ.”

Mo ti dàgbà ju ìyá mi lọ báyìí. Mo ti dárí ji baba atukọ̀, nítorí kí afẹ́fẹ́ tó dé ni ìyá mi ti lọ. Mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi pé kí wọ́n má dáhùn bí wọn kò bá rí ẹni tó pè wọ́n, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín, bí èmi náà ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé bí ọyẹ́ bá ti bo ìta láàárọ̀, mo máa ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, mo ń tẹ́tí. Bó bá tún pè mí, màá dáhùn.