Igi Ghaf Mọ́kànlá tí Mo Fà Tu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́, tí mi ò tíì sọ fún yín rí. Ó ṣẹlẹ̀ láwọn ọdún náíńtíìsì, nígbà tí mo ṣì ń ra ọjà ní Deira, ní Dubai.

Abu Shagara ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ni mò ń gbé nígbà yẹn, bedspace, àwa obìnrin mẹ́fà nínú yàrá kan. Àwa méjì la jẹ́ Yorùbá níbẹ̀, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Sìkírá, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ la fi ń wá bàtà àti aṣọ tí àwọn oníṣòwò máa kó lọ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, ńkọ́? Kí lèèyàn fẹ́ ṣe, ju kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa ro ilé?

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Mister Joseph, tíṣà ọmọ India tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ní òun ń kó èèyàn lọ hú igi búburú kan nínú aṣálẹ̀, a ní a máa bá a lọ. Volunteer ni o, ọ̀fẹ́. Búrẹ́dì, omi àti àyè nínú bọ́ọ̀sì nìkan lèrè wa.

Ibẹ̀ jìnnà. Títì ọlọ́dà parí, a ṣì ń lọ. Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún igi àti ẹranko ni. Igi búburú tí à ń wí yìí, ghuwaif ni wọ́n ń pè é. Mister Joseph ṣàlàyé pé àjèjì ni, àwọn èèyàn ló gbìn ín kí aṣálẹ̀ lè ní ewé. Ewúrẹ́ àti ràkúnmí wá ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n ń ṣu ún kiri, ó ń hù kiri. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ mu, àwọn igi onílẹ̀ sì ń kú. Ghaf ni igi onílẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

Ẹ̀gún ghuwaif gba ìsàlẹ̀ bàtà wọ ẹsẹ̀ mi ní Jímọ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tiro. Mo ṣì padà lọ.

Bàbá Sálímù ni mò ń torí rẹ̀ lọ. Arúgbó ni, òun ló ń tọ́jú kànga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó fi okùn tó fi ń pọn omi hàn wá: ó ti so okùn kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ó tún ti so ìkẹta mọ́ ọn, torí ọdọọdún lomi ń sá wọlẹ̀ sí i. Mister Joseph, tó gbọ́ Lárúbáwá, ní bàbá sọ pé bí kànga yẹn bá gbẹ, òun ò níbòmíì tí òun mọ̀ bí ilé.

Ní Jímọ̀ kẹfà, Mister Joseph wà lódìkejì òkìtì iyanrìn pẹ̀lú àwọn yòókù. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Sìkírá rí àwọn igi kéékèèké kan lábẹ́ àwọn ẹ̀ka gbígbẹ. Mo rò pé àwa la da ẹ̀ka yẹn síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ewé wọn jọ ti ghuwaif, wọ́n sì lẹ́gùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n Sìkírá ní, "Àbúrò, jẹ́ ká dúró ká bi Mister Joseph."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn ni mí. Ta ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ igi?"

Mo fa àwọn igi náà tu, mọ́kànlá, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọn ò le.

Mo ṣì ń gbọn iyanrìn lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Sálímù yọ, tó gbé agolo omi dání. Ó wo ilẹ̀. Ó rọra gbé agolo náà kalẹ̀, ó mú igi kan, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Mister Joseph dé, ó gbọ́ ohun tí bàbá sọ, ó bo ojú. Ghaf ni wọ́n. Ọdún mẹ́rin ni bàbá ti ń pọn omi sí wọn nínú kànga tó ń gbẹ yẹn, òun ló fi ẹ̀ka bò wọ́n nítorí ewúrẹ́.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Kò yé bàbá ìdí tí mo fi kúnlẹ̀. Ó ń fọwọ́ sọ fún mi pé kí n dìde. "Khalas," ó ní, "khalas." Ó ti parí nìyẹn.

A tún wọn gbìn lọ́jọ́ náà, gbogbo wa. Nígbà tó máa di Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbẹ bí ìṣáná. Àwọn ghuwaif tí gbòǹgbò wọn le, tí a kàn gé ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́? Wọ́n ti rúwé padà, wọ́n ga dé orúnkún mi.

Kò pé oṣù mẹ́ta, omi kànga di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà gbẹ. Ọmọ bàbá wá mú un lọ sí fúláàtì nínú ìlú. Mo bi Mister Joseph bóyá èmi ni mo fà á. Ó ní rárá, pé kànga náà máa gbẹ dandan, pé igi mọ́kànlá ò lè dá a dúró. Ó rò pé òun ń tù mí nínú ni. Ṣé ẹ rí i, ìyẹn ló wá dùn mí jù. Gbogbo Jímọ̀ wa, gbogbo ẹ̀gún yẹn, kò dá nǹkan kan dúró. Ohun tí bàbá ń gbìyànjú láti fi sílẹ̀ sáyé, èmi ni mo fà á tu kó tó lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí o bá lọ ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀, béèrè kó o tó fọwọ́ kan nǹkan, bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kì í so gbòǹgbò padà mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti fi inú rere ba nǹkan ẹlòmíì jẹ́ rí, tí kò sì ní àtúnṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń bá a gbé.