Ọjọ́ Mẹ́rìnlá fún Ajá Kan ní Máfolúkù

Albert Akínbọ̀wálé, akọ̀wé tó ń tọ́jú ẹrù tó sọnù ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, rí ajá pupa kan níwájú ilé tó ń gbé ní Máfolúkù ní ọdún 1976. Ajá náà rù, òjò ti pa á, bẹ́líìtì aláwọ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bẹ́líìtì yẹn ni mo kọ́kọ́ rí," ó sọ fún mi nígbà tí mo wá kọ ìtàn rẹ̀ fún ìwé ìròyìn. "Ajá tó bá ní bẹ́líìtì, ó ní ẹni tó ni ín."

Ohun tó máa ń ṣe sí ẹrù níbi iṣẹ́ ló ṣe sí ajá náà. Ó gé páálí pélébé, ó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti rí i sí i, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló fún ẹni tó ni ín. Bí kò bá sẹ́ni tó wá, ajá di tirẹ̀. Kò sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ajá tó ní ẹni tó ni ín ti lórúkọ níbi tó ti wá.

Ìyàwó Akínbọ̀wálé ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Kàdúná, lẹ́tà rẹ̀ kì í ju ojú ìwé kan lọ. Rédíò ńlá tó fi owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, rà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀ kí ajá tó dé. Láàárọ̀, á fún ajá ní ẹ̀kọ àti orí ẹja, á tì í mọ́lé lọ síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, á fi okùn fà á láti ojúlé dé ojúlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ajá yín ò sọnù?"

Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Ọmọ Oǹdó ni, àdúgbò sì ti gbà pé ẹran ọbẹ̀ ni ajá lójú gbogbo ará Oǹdó.

"Bàbá, ẹni tó ni ín lẹ̀ ń wá ni àbí ata?" Sàláúdéènì, télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú, ló bi í.

"Sàláù, máa rán aṣọ rẹ."

"Mò ń rán an. Ẹ má ṣe bu tèmi o, Mùsùlùmí ni mí."

Lọ́jọ́ kẹtàlá, ẹ̀rín ni Akínbọ̀wálé bá lẹ́nu Sàláúdéènì nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Obìnrin kan ti wá láti Apákun nítòsí, ó ń wá ajá pupa.

"Mo ní, 'Àǹtí, ẹ ti pẹ́ jù, Bàbá Oǹdó ti jẹ ẹ́ tán.' Àfi bó ṣe gbà mí gbọ́! Ẹkún ló ń sun lọ."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Lará. Tíṣà ni. Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ọ̀la ajá di tiyín."

Akínbọ̀wálé wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn. Ajá gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè mọ́. Ó ní òun jókòó títí rédíò fi ka ìròyìn tán, òun ò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ó wá mú okùn.

Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tíṣà ní Apákun tí ajá fi já mọ́ ọn lọ́wọ́. Lará sáré jáde, ó ń pariwo, "Jákì!" Ibẹ̀ ni Akínbọ̀wálé ti mọ orúkọ rẹ̀.

Lará kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ ti..."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní. Orí ẹja ló fẹ́ràn. Ẹ máa yọ egungun rẹ̀."

Èmi ò gbà á gbọ́. Ọkùnrin tó dá wà tó báyìí ló dá ajá padà nígbà tó ku ọjọ́ kan péré kó di tirẹ̀? Mo lọ sí Apákun fúnra mi. Ajá gbó mi, Lará sì sọ ọ́ bí Akínbọ̀wálé ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo padà wá bi Akínbọ̀wálé pé kí ló dé tí kò fi dákẹ́.

"Tí mo bá dákẹ́," ó ní, "mo ti jẹ ẹ́ nìyẹn."

Mo sọ ohun tí mo rí fún Sàláúdéènì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá oníwèé ìròyìn, ṣé wọ́n bu díẹ̀ fún yín ni?"

Fèrèsé Akínbọ̀wálé ṣí sílẹ̀, ó gbọ́ ohun tí a sọ. Nígbà tí mo wọlé láti dágbére, ó ti gbé omi kaná. Ó bi mí bóyá mo lè dúró mu tíì.