Púlọ́ọ̀gì Tó Funfun Bí Ẹfun

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wa ni àbúrò mi ọkùnrin pinnu pé òun yóò jí máṣíìnì tí wọ́n ń gùn dìde. Sùúrùlérè là ń gbé nígbà náà, àwa mẹ́ta péré, ní ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ìyá wa ti kú tipẹ́. Èmi ń ránṣọ nínú pálọ̀ kí n lè máa fojú sí Bàbá. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fọ fọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba fíìmù lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò káàkiri Yábàá àti Muṣin, kó kó o wá fún ọ̀gá rẹ̀, kó sì dá fọ́tò tí wọ́n ti fọ̀ padà fún wọn. Ọ̀gá náà ti sọ fún un pé ẹni tó bá ní máṣíìnì lòun fẹ́.

Bàbá ní máṣíìnì. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún wọn kí wọ́n tó bí mi, òun ni wọ́n sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ó dúdú, ó wúwo bí ọmọ màlúù, púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ló fi ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ní ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá a máa yọ púlọ́ọ̀gì yẹn, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wo ojú rẹ̀. Mo mọ àwọ̀ ojú rẹ̀ dáadáa. Ó máa ń rí bí èèpo búrẹ́dì tó jinná.

Àrùn náà mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lọ, àfi "ó yá" nìkan. Bí ebi bá ń pa wọ́n, "ó yá" ni. Bí wọn ò bá fẹ́ jẹun mọ́, "ó yá" náà ni. Ọpọlọ wọn mọ́ gaara, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ẹnu ni ò gbé e jáde. Èmi tí mo wà lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀ dalẹ́ ti kọ́ bí mo ṣe lè máa wo ojú wọn àti ọwọ́ òsì wọn. Àbúrò mi kì í sábà sí nílé. Ohun tó bá ti ẹnu wọn jáde ló ń gbọ́.

Nígbà tó yọ púlọ́ọ̀gì àtijọ́ náà, a rí i pé tánganran rẹ̀ ti là, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì ti parẹ́. A jọ gbé e lọ sí Ládípọ̀, sí ìsọ̀ ìyá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó jókòó ti ọjà ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ náà kú. Ìyá náà yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní irú eléyìí ò wọlé mọ́. Wọ́n wá kó mẹ́ta jáde. Àwọn fúnra wọn ló mú ọ̀kan kúrò, wọ́n ní ọrùn rẹ̀ ti gùn jù, tó bá wọlé, písítìnì inú ẹ́ńjìnnì ló máa lọ kọlù. Ó ku méjì.

Wọ́n ní ojú ihò kan náà làwọn méjèèjì máa wọ̀, àmọ́ ìwà wọn ò dọ́gba. Èyí tí imú tánganran rẹ̀ kúrú máa ń tètè lé ooru lọ. Èyí tí imú rẹ̀ gùn máa ń gbé ooru pamọ́. Wọ́n ní ká lọ bi ẹni tó ni máṣíìnì, òun ló máa mọ èyí tó bá a mu. Àbúrò mi ní ẹni tó ni ín kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá náà wé púlọ́ọ̀gì méjèèjì sínú bébà fún wa. Wọ́n ní ká kó méjèèjì lọ dánwò, ká sì dá èyí tí ò bá ṣiṣẹ́ padà.

"Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gùn ún díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ wò," ni wọ́n wí. "Ojú rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀ fún yín."

Onímú kúrú la kọ́kọ́ fi sí i. Àbúrò mi fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì náà títí òógùn fi bò ó. Ó jí, ó húkọ́, ó kú. Nígbà tó yọ ọ́, èédú ti bò ó, ó ń rùn fún epo. Ó wá fi onímú gígùn sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ mú ṣáṣá ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ayálégbé yòókù jáde wá ń wò ó.

Nínú pálọ̀, Bàbá ti gbìyànjú láti dìde lórí àga. "Ó yá," ni wọ́n ń wí. "Ó yá, ó yá, ó yá."

Àbúrò mi yọ orí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́? Bàbá ní ó yá."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì Bàbá ti di ìró mi mú, wọ́n fún un tóbẹ́ẹ̀ tí mi ò lè kúrò lójú kan.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ mo ti ń gbọ́ ohun kan nínú ẹ́ńjìnnì náà bó bá ń gun òkè ojú títì wa bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Lẹ́yìn náà ni èyí tó bà mí lẹ́rù dé. Àbúrò mi darí dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pa máṣíìnì, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó sì ti gbé àpò fíìmù rẹ̀ kọ́ èjìká, àmọ́ ẹ́ńjìnnì náà ò kú. Ó ṣì ń lọ fúnra rẹ̀, gbù, gbù, gbù, bíi pé ẹnì kan tí a ò rí ló jókòó lórí rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Àwọn ayálégbé fi ṣe ẹ̀rín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bo iwájú orí wọn.

Mo ní kí àbúrò mi yọ púlọ́ọ̀gì náà kí n rí i. Ó funfun bí ẹfun. Etí irin kékeré tí iná ti ń ṣẹ́ ti yọ́ díẹ̀. Mo gbé e lọ fún Bàbá, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá tì í bọ abẹ́ itan wọn, wọ́n sì jókòó lé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, òun ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́la," ni àbúrò mi wí.

"Ó yá," ni Bàbá wí. Omi ti lé sójú wọn.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbà á. Àwọn náà ti ní ó yá."

"Ohun tí wọ́n ń sọ kọ́ nìyẹn."

"Kí wá ni wọ́n ń sọ?"

Mo ní wọ́n ń sọ pé kó má gùn ún mọ́. Ó wojú mi bí ẹni pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ara mi sí Bàbá lẹ́nu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló gbé itan Bàbá sókè, ó sì mú púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ fún ìyá Ládípọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní tí ojú rẹ̀ bá ti funfun, ẹ́ńjìnnì ń jóná nínú, ó sì lè gan nígbàkigbà, kó má yí mọ́. Wọ́n ní ọ̀kan wà tó wà láàárín méjèèjì, àwọn máa bá wa béèrè rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, yóò dé ní Ọjọ́bọ̀. Kí àbúrò mi pa máṣíìnì náà tì títí dìgbà náà.

Àbúrò mi ní ọ̀gá òun ò ní dúró de Ọjọ́bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi onímú kúrú rọ́jú ná. Ó ní ìyẹn á máa kú mọ́ òun lábẹ́ ní gbogbo oríta. Ó ṣèlérí pé òun á máa rọra gùn ún.

Ní Ọjọ́rú, oòrùn mú gan-an. Wọ́n rán an lọ gba fíìmù ní Ìjọra. Kò dé nígbà tó máa ń dé. Bàbá yíjú sójú títì, wọ́n ń tẹ́tí. Mo gbé oúnjẹ fún wọn, wọn ò wò ó. Mo béèrè bóyá kí n gbé wọn lọ sùn, ojú títì ni wọ́n ṣì kọjú sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé yìí, wọn ò sọ ọ́. Mo ń rán aṣọ kan, abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì gbé aṣọ náà tì.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn. Àpò fíìmù àbúrò mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó. Ó ní òun ń ta táyà ní Kọ́sítéènì. Ìṣojú òun ni ẹ́ńjìnnì gan, táyà ẹ̀yìn ò yí mọ́, máṣíìnì ju ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Táńkà tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò lè dúró. Orí máṣíìnì ló gbà kọjá.

"Ọmọ yín wà láyé," ló wí fún Bàbá. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Òun ló júwe ilé yín fún mi."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì bojú, èjìká wọn sì ń mì. Mo tún ìró mi ró dáadáa, mo bẹ aládùúgbò wa kó jókòó tì wọ́n, mo sì tẹ̀ lé ọkùnrin náà.

Ìdajì àwọn fíìmù náà ti ṣí sójú oòrùn, wọ́n sì ti bàjẹ́. Ti ìgbéyàwó kan wà níbẹ̀. Ìyàwó náà wá sílé wa láti bá wa jà, ó rí Bàbá lórí àga. Ó sunkún díẹ̀, ó sì lọ.

Àbúrò mi pẹ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé pẹ̀lú simẹ́ńtì lẹ́sẹ̀, yàrá Bàbá la tẹ́ ẹní rẹ̀ sí, kí n lè tọ́jú wọn pọ̀. Kò sọ̀rọ̀ máṣíìnì. Ó kọ́ bó ṣe lè máa dúró kí Bàbá tó tẹ́wọ́, bó ṣe lè máa wo ojú wọn kó tó dáhùn. Lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ńlá kan bá ti ń bọ̀ lójú títì, tí gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn méjèèjì á dákẹ́ títí yóò fi kọjá.