Omi Ẹ̀gbẹ́ Adágún

Aṣálẹ̀ Líbíà ni mo gbà kọjá kí n tó dé Jámánì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti àwọn tí a jọ ń rìnrìn àjò rí adágún kan láàárín òkè iyanrìn, omi rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, igi dàbínù sì yí i ká. Gbogbo wa tí òùngbẹ ń gbẹ sáré lọ bù ú mu. Iyọ̀ ni. A tu ú dànù, àwọn mìíràn sì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń sunkún.

Obìnrin kan tó wọ híjáàbù wà nítòsí, ó pọn ọmọ. Ó rìn kúrò létí adágún díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fọwọ́ gbẹ́ iyanrìn títí ihò náà fi gba apá rẹ̀ dé èjìká. Omi sun níbẹ̀. Omi náà dùn. Èmi ni mo kéré jù, èmi ló kọ́kọ́ fún mu.

Àbúrò ìyá mi, tí mo ń bá dirun ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Reinickendorf, ní Berlin, fẹ́ràn ìtàn yìí. Èmi kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn, nítorí náà àwọn ló máa ń bá mi sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà. Díẹ̀díẹ̀, obìnrin yẹn kúrò nínú rẹ̀. Ó wá di pé mo gbàdúrà sí adágún, iyọ̀ sì di oyin. Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, lọ́sẹ̀ tó kọjá omi yìí ò tíì dùn tó báyìí o.”

Nígbà ìkórè, ìjọ wa wọ bọ́ọ̀sì lọ bá àwọn ará wa ní Hamburg, ní gbọ̀ngàn kan ní Steilshoop. Àǹtí ti sọ fún wòlíì ibẹ̀ pé màá jẹ́rìí. Lójú ọ̀nà, Àǹtí kọ́ mi ní ohun tí màá sọ, tàdúrà toyin. Mo ń mi orí pé mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú pẹpẹ, ta ni yóò tún mọ̀ pé ẹnì kan gbẹ́lẹ̀ fún wa?

Nígbà tí wọ́n pè mí, mo kí ìjọ, mo sì dákẹ́. Ẹnì kan dá orin láti ràn mí lọ́wọ́. Mo dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán.

“Omi adágún náà ò dùn rárá,” ni mo wí. “Obìnrin kan tó pọn ọmọ ló gbẹ́ omi míì fún wa. Mùsùlùmí ni. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó ké halelúyà. Wòlíì wò mí, wọ́n ní Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀, kí gbogbo wa kúnlẹ̀. A gbàdúrà fún un, tọmọ tìyá, ó sì pẹ́ díẹ̀.

Àǹtí ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Berlin. Lọ́jọ́ kejì, mo ń dirun lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà kan pé ìbejì ni obìnrin náà pọ̀n, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà, tó sì ń gbẹ́lẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn.